Oòrùn àti ewéko olómi nínú ilé: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ṣàgámù ni mò ń gbé, ilé ìyá mi sì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ilé méjèèjì ni mo ti ń tọ́jú ewéko sínú yàrá. Ẹnu aládùúgbò, ẹnu àwọn tó máa ń wá tọrọ ọmọ òdòdó lọ́wọ́ mi, àti ẹnu àbúrò mi obìnrin tó pa ewéko mẹ́rin láàárín ọdún kan ni mo ti kó àwọn ìbéèrè yìí jọ.

Ṣé kì í ṣe nǹkan òyìnbó ni ewéko olómi tí wọ́n ń pè ní succulent?

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá yín ná. Àbámodá wà níbẹ̀, ọ̀dúndún wà níbẹ̀. Bóyá ahọ́n erin náà wà níbẹ̀, òun ni àwọn tó ń ta ọṣẹ ń pè ní aloe vera. Ojá ìkookò tí àwọn olódòdó ẹ̀bá títì ń tà ní "snake plant", inú igbó wa náà ló ti ń hù kí ẹnikẹ́ni tó rò ó pé kí wọ́n gbé e sínú ìkòkò aláràbarà. Ara kan náà ni gbogbo wọn: wọ́n ń tọ́jú omi sínú ewé tàbí sínú igi wọn. Ẹ já ewé àbámodá kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì, ẹ ó rí omi. Tí àwọn àgbà bá ń wúre pé kó tutù bí ọ̀dúndún, omi yẹn ni wọ́n ń fọwọ́ bà.

Àwọn àlejò wà lóòótọ́. Echeveria, èyí tó to ewé yíká bí òdòdó róòsì, Mẹ́síkò ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Haworthia, èyí tí ewé rẹ̀ kéré, tó le, tó sì ṣóńṣó, àti jade, èyí tí ewé rẹ̀ nípọn, tó rí roboto, wá láti Gúúsù Áfíríkà. Kátọ́ọ̀sì náà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi, ewéko olómi ni gbogbo wọn.

Oòrùn wákàtí mélòó ló yẹ kó máa rí lójúmọ́?

Ó dọ́wọ́ irú èyí tó jẹ́. Echeveria àti kátọ́ọ̀sì fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó mú fún nǹkan bíi wákàtí 6, ó kéré tán, tí oòrùn àárọ̀ bá sì kàn wọ́n tààrà fún wákàtí méjì sí mẹ́ta nínú rẹ̀, inú wọn á dùn. Ojá ìkookò àti Haworthia kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé láìjẹ́ pé oòrùn fúnra rẹ̀ bà lé wọn ti tó wọn. Ahọ́n erin àti jade wà láàárín. Ọ̀dúndún kò kọ ìbòòji díẹ̀.

Oòrùn àárọ̀ ni mo sọ o. Oòrùn tó ń yọ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá kì í jó ewé bí ti ọ̀sán.

Gbogbo ibi tí mo kà á sí ló ní kí n gbé e sí ojú fèrèsé gúúsù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò gbèrú. Kí ló dé?

Ìbéèrè yìí gan-an ló mú mi kọ gbogbo èyí. Ẹni tó kọ ìmọ̀ràn yẹn ń gbé ní London tàbí ní New York. Ọ̀dọ̀ wọn, ìhà gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, kì í gorí òrùlé wọn rárá. Fèrèsé gúúsù ni oòrùn wọn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, díẹ̀ ló kù kó pé ìwọ̀n (degree) 7 sí àríwá rẹ̀. Nítorí náà, oòrùn ń gba orí wa kọjá lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún: lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹrin, lẹ́ẹ̀kejì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Láti oṣù Kẹsàn-án lọ títí ọdún tuntun á fi dé oṣù Kẹrin, ó ti padà sí gúúsù. Fèrèsé gúúsù yín ń ṣiṣẹ́ ní ọdún Kérésì, kò sì rí oòrùn kankan ní àárín ìgbà òjò.

Ẹ tún fi ti etí òrùlé kún un. Nílé mi, páànù yọ síta kọjá ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Ní oṣù Kejìlá, tí oòrùn bá wà ní góńgó ọ̀sán, òjìji etí òrùlé yẹn máa ń bo ògiri gúúsù ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 àbọ̀ láti òkè wá, ìdajì fèrèsé ṣì ń rí oòrùn. Ní oṣù Kẹfà, oòrùn ti bọ́ sí àríwá, ṣùgbọ́n ó ga ju ti oṣù Kejìlá lọ dáadáa, òjìji yẹn á sì sọ̀ kalẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àbọ̀. Ó bo gbogbo fèrèsé àríwá mọ́lẹ̀. Torí náà ẹ má tìtorí ohun tí mo sọ sáré gbé gbogbo ìkòkò lọ sí àríwá ní oṣù Kẹfà kí ẹ máa retí iṣẹ́ ìyanu.

Èyí tó dúró déédéé fún wa ní gbogbo ọdún ni fèrèsé ìlà-oòrùn. Oòrùn ń yọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń wọlé nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó gòkè, etí òrùlé kò sì rí i dí lọ́nà. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi Echeveria sí.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ìhà tí fèrèsé mi kọjú sí?

Ẹ jí ní kùtùkùtù kẹ́ ẹ wo ibi tí oòrùn ti ń yọ. Tí Mùsùlùmí bá wà nínú ilé, ó tún rọrùn sí i: láti ọ̀dọ̀ wa, ibi tí wọ́n ń kọjú sí tí wọ́n bá ń kírun fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀gangan ibi tí oòrùn ti ń yọ ní oṣù Kẹfà. Ìyẹn ni ìlà-oòrùn tó tẹ̀ sí àríwá díẹ̀.

Ìwọ̀-oòrùn nìkan ni fèrèsé mi kọjú sí ńkọ́?

Ó ṣeé lò, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Oòrùn aago mẹ́ta sí márùn-ún ní oṣù Kejì máa ń bá ògiri tó ti gbóná láti àárọ̀, gíláàsì náà á gbóná, ewé tó bá fara kàn án á bó. Ẹ fi kọ́tìnnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín, tàbí kí ẹ sún ìkòkò sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Nígbà òjò, ẹ ká kọ́tìnnì náà sókè.

Ṣé mo nílò ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀?

Rárá, ọwọ́ yín ti tó. Ẹ na ọwọ́ sókè orí ewéko náà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan, kẹ́ ẹ wo òjìji rẹ̀. Tí òjìji náà bá dúdú, tí ẹ lè ka ìka márààrún, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ mú, kátọ́ọ̀sì lè gbé níbẹ̀. Tó bá rí bàìbàì, tí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ni ṣùgbọ́n ìka kò yàtọ̀ síra, ó tó ojá ìkookò àti Haworthia. Tí ẹ kò bá rí òjìji kankan, ẹ fi ibẹ̀ gbé fọ́tò ìgbéyàwó yín sí.

Ọ̀sán gangan ni kí ẹ dán an wò, ọ̀sán gangan kì í sì í ṣe aago méjìlá níhìn-ín. Aago tí gbogbo Nàìjíríà ń lò bá ibi tó jìnnà sí wa níhà ìlà-oòrùn mu, nítorí náà oòrùn Ìjẹ̀bú-Òde kì í dé góńgó títí di nǹkan bí aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lè fi bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yá tàbí pẹ́ bí oṣù bá ṣe ń yí. Inú mi dùn nígbà tí mo mọ èyí, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé aago pálọ̀ ló ń tan mí.

Ẹ tún dán an wò bí ẹ bá ti sún kúrò lójú fèrèsé. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré, òjìji ti lọ. Òkùnkùn máa ń tètè mọ́ ojú èèyàn lára, èèyàn lè rò pé pálọ̀ mọ́lẹ̀ rekete. Ojú ewéko kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọrùn rẹ̀ ti gùn, ewé jìnnà síra, ó sì tẹ̀ síhà kan. Ṣé ó ń dàgbà ni?

Ebi ìmọ́lẹ̀ ló ń pa á. Ó ń na ọrùn wá fèrèsé kiri. Èyí tó ti gùn kò ní kúrú mọ́, kódà bí ẹ gbé e sínú oòrùn ọ̀run. Ẹ gé orí rẹ̀, kí ẹ fi ìka méjì igi rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ewé. Ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lórí bébà, níbi tí oòrùn kò ti kàn án; ẹni tó bá gbìn ín ní tútù, ó máa ń jẹrà. Lẹ́yìn náà, ẹ tì í bọ erùpẹ̀ tó níyanrìn dáadáa. Kùkùté tó kù nínú ìkòkò náà, ẹ má dà á nù, ó sábà máa ń yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Tó bá jẹ́ pé ó kàn tẹ̀ díẹ̀ ni, ẹ máa yí ìkòkò ní ìdámẹ́rin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń yí tèmi, lẹ́yìn tí mo bá gbálẹ̀ tán.

Àmì funfun àti búráùn yọ lójú ewé. Àrùn ni àbí oòrùn?

Ẹ wo ibi tó wà. Tó bá jẹ́ ìhà tó kọjú sí fèrèsé nìkan, tó gbẹ, tí kò tàn kálẹ̀, oòrùn ló jó o. Tó bá rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ láti ìdí wá, omi ni.

Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹni tó ta Echeveria mẹ́fà fún mi ní "oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀." Òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò sọ pé abẹ́ ìbòòji ni òun tọ́ wọn sí láti kékeré. Oṣù Kejì ni, mo kó wọn jáde sórí kọnkéré iwájú ilé ní aago mẹ́wàá àárọ̀, mo bá tèmi lọ sọ́jà Òkè-Àjẹ́. Nígbà tí mo fi dé ní aago mẹ́rin, awọ wọn ti dà bí ìka ẹni tó di páànù gbígbóná mú. Mẹ́rin yè, ṣùgbọ́n àpá náà kò lọ títí àwọn ewé yẹn fi gbẹ dànù.

Àpá oòrùn kì í san. Ewé tuntun ni yóò rọ́pò rẹ̀. Ewéko tó bá ti pẹ́ nínú yàrá, ẹ fi oòrùn mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan wákàtí oòrùn àárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kó di méjì, kó di mẹ́ta, títí ọ̀sẹ̀ méjì á fi pé.

Etí ewé pọ́n. Ṣé mo ti jó o?

Rárá. Tí ewé bá ṣì le, tó dán, ó kàn ń fi àwọ̀ dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá àwọ̀ yẹn.

Ìgbà wo nínú ọdún ni kí n ṣọ́ra jù?

Nígbà òjò, pàápàá oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ. Àwọn ìwé òkèèrè á ní oṣù Kejìlá ni ìmọ́lẹ̀ máa ń dín kù. Ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn, níbi tí ojúmọ́ ti ń kúrú gan-an. Ojúmọ́ tiwa ní oṣù Kejìlá lé díẹ̀ ní wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 40. Ti oṣù Kẹfà jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 30. Ìyàtọ̀ wọn kò tó wákàtí kan. Ìkùukùu ló ń mú òkùnkùn wá fún wa. Ẹ̀yin náà ẹ rántí oṣù Kẹjọ: aṣọ ọjọ́ mẹ́ta lórí okùn kò gbẹ, sánmọ̀ rí bí eérú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ewéko máa ń na ọrùn, ìgbà yẹn náà ni ìdí rẹ̀ máa ń jẹrà.

Ohun tí mo máa ń ṣe: gbogbo ìkòkò tó wà lórí tábìlì á sún dé ojú fèrèsé gan-an, kọ́tìnnì á ká pátápátá, mo sì máa ń fọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ẹ wo nẹ́ẹ̀tì yín dáadáa. Eruku ọdún méjì lórí nẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú gíláàsì aláwọ̀ dúdú tí àwọn onílé ń lò báyìí, àti irin olè níwájú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wo ló fẹ́ kù?

Ṣé ó yẹ kí n bomi rin ín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Ìmọ́lẹ̀ ni kó máa sọ fún yín, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Ewéko tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ tó mú ń mu omi kíákíá. Èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ kò lè mu ún, omi náà á jókòó sí ìdí rẹ̀. Àbúrò mi ń bomi rin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, oṣù Keje, lórí tábìlì tó jìnnà sí fèrèsé. Ó ní òun kò gbàgbé lọ́jọ́ kan. Mo ní ìyẹn gan-an ló pa wọ́n.

Ẹ mú igi ìgbálẹ̀ kan, ẹ tì í wọnú erùpẹ̀ dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń wò bóyá mọ́ínmọ́ín ti jiná. Tí erùpẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì tó àsìkò. Tó bá jáde ní gbígbẹ, ẹ bomi rin ín títí á fi máa jò lábẹ́ ìkòkò, kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀.

Ọyẹ́ ńkọ́?

Oòrùn wà, àmọ́ eruku ń bò ó, eruku kan náà sì ń bo ewé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ewé ojá ìkookò àti ti ahọ́n erin, tàbí kẹ́ ẹ fi aṣọ tútù nù wọ́n. Ẹ má nu Echeveria. Ìyẹ̀fun funfun tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe eruku, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é jáde láti fi dí oòrùn, tí ẹ bá sì nù ún kúrò lójú ewé kan, ewé yẹn kò ní padà bó ṣe wà. Ẹ fẹ́ eruku kúrò níbẹ̀ ni.

Ṣé mo lè gbé e sórí fìríìjì?

Kò sí ìmọ́lẹ̀ lórí fìríìjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni lórí tẹlifíṣàn.

Yàrá mi kò ní fèrèsé tó dáa. Ṣé gílóòbù lè ṣe iṣẹ́ oòrùn?

Ó lè ṣe é. Gílóòbù LED funfun, irú èyí tí kì í gbóná púpọ̀, ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ gbé e sókè orí ewéko, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30. Gígùn apá láti ìgunpá dé ọrùn ọwọ́ wà láàárín ìyẹn. Wákàtí 12 lójúmọ́. Gílóòbù pupa àtijọ́ yẹn kò wúlò, ooru ló ń fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní "ẹ jẹ́ kó máa tàn, iná ìjọba ni," ẹ pa á lálẹ́. Ọ̀pọ̀ ewéko olómi kì í mí bí àwọn yòókù. Ihò wẹ́wẹ́ ara ewé wọn máa ń pa dé lọ́sàn-án kí omi má baà gbẹ, tí ilẹ̀ bá ṣú, á ṣí, wọ́n á gba afẹ́fẹ́ wọlé, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ di àárọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ á fi sọ ọ́ di oúnjẹ. Wọ́n nílò òru. Tó bá sì jẹ́ pé òru nìkan ni iná máa ń wá ládùúgbò yín, ẹ so gílóòbù náà mọ́ sólà tàbí kí ẹ tọ́jú ojá ìkookò, ẹ má da ara yín láàmú.

Èkó ni mò ń gbé. Ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Ìléyá àti Kérésì nìkan la máa ń ṣí i. Èwo ni mo lè fi síbẹ̀?

Òdòdó oníke. Mo fi ń ṣeré ni, àmọ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ilé tí wọ́n tì, tí kọ́tìnnì nípọn, òkùnkùn biribiri ni fún oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Tó bá di dandan, ẹ fi ojá ìkookò sí ojú fèrèsé ìlà-oòrùn, kẹ́ ẹ ká kọ́tìnnì ibẹ̀ nìkan, kí ẹ sì kìlọ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́lé pé kó má bomi rin ín. Kẹ́ ẹ bomi rin ín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ, ó parí.

Tí ẹ bá dé fún Ìléyá, tí ẹ̀ ń palẹ̀ ilé mọ́ de àlejò Ojúde Ọba, ẹ má kó ìkòkò síta fún ẹwà. Lọ́jọ́ kẹta ọdún, nígbà tí gbogbo yín bá fi máa ti ìta dé, oòrùn á ti ṣe tiẹ̀.

Ewé àbámodá kan já bọ́ sẹ́yìn àga. Nígbà tí mo rí i, ó ti yọ ọmọ létí. Ṣé kí n gbé e sóòrùn?

Kò tíì yá. Omi inú ewé ìyá wọn ni àwọn ọmọ yẹn ń mu, oòrùn tààrà á sì gbẹ ìyá kí wọ́n tó ní gbòǹgbò. Ẹ tẹ́ ewé náà lé orí erùpẹ̀ tó tutù díẹ̀, níbi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn kò kàn án. Tí ìyá bá ti rọ, tí ọmọ sì ti di erùpẹ̀ mú, ẹ wá fi oòrùn àárọ̀ mọ̀ wọ́n bí mo ṣe sọ lókè.

Ọ̀kan wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ márùn-ún ló wà létí rẹ̀, èyí tó tóbi jù kò tíì tó ìdajì èékánná, ó sì ti ń tẹ̀ síhà fèrèsé.